Òkùnkùn Tí Mo Yà Kí N Tó Ya Mopélọ́lá

Ẹ̀rọ tí a fi ń ya fọ́tò ìràwọ̀ ní òun ò ní ya ìràwọ̀ kankan, àfi tí mo bá kọ́kọ́ ya òkùnkùn fún òun. Eyín rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń sọ̀rọ̀, torí omi òtútù tí a ń bù sí i nínú ti mù ún dé ọrùn. Ilé ìwòràwọ̀ wa tutù débi pé ọ̀rọ̀ mi ń di yìnyín kí n tó sọ ọ́ tán. Mo ti fi ìgbálẹ̀ gbá "ẹ káàárọ̀" méjì jáde lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sán gangan ni. Ìràwọ̀ tí a fẹ́ yà ti wálẹ̀ dé orí igi máńgòrò, ó sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí igi ń yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀. Mo ń sáré kiri, ẹsẹ̀ mi ò gbélẹ̀.

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mẹ́fà náà ò sì pé, ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí ju àwọn tó rà á lọ. Kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ tí ojú ń rí ló ń yà. Ìmọ́lẹ̀ ooru ni, á sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí òṣùmàrè. Ooru ara tirẹ̀ náà a máa bá fọ́tò jáde. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ́kọ́ dé ìdérí rẹ̀ pa, ká ya inú òkùnkùn, ká lè yọ òkùnkùn yẹn kúrò nínú fọ́tò ìràwọ̀ tó bá yá. Ohunkóhun tó bá ti wà nínú òkùnkùn, yíyọ ni.

Dókítà Àtàndá, ọ̀gá mi, jókòó sínú ife tíì rẹ̀, tíì náà mù ún dé àyà. Ó kìlọ̀ pé òun ò fẹ́ àwàdà lónìí. Ó ṣì ń bínú nítorí àgbàdo sísun tí mo gbé sẹ́nu ẹ̀rọ lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n fi kọ̀wé sí orílẹ̀-èdè mẹ́tàdínlógójì pé àwọn rí ìràwọ̀ tuntun tó ní igba eyín.

Mo dé ìdérí, mo ń kà dé ọ̀ọ́dúnrún. Mo dé orí igba nígbà tí nǹkan kan wúkọ́ nínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ní, "Ẹnì kan wà níbí." Mo rò pé ó ń bá mi ṣeré bí mo ṣe máa ń bá a ṣe, mo bá kà á tán. Nígbà tí mo ṣí i, ẹ̀gbọ́n mi Mopélọ́lá ló jókòó síbẹ̀ nínú aṣọ iléèwé, ó ń jẹ gúgúrú. Ó ti kú láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn.

Ó ní, "Ládépò, o ò dàgbà, o kàn gùn ni."

Mo bi í bó ṣe wọlé. Ó ní ibẹ̀ ni òun ń gbé.

Ilé ìwòràwọ̀ ti di ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa àtijọ́, èyí tó jóná pẹ̀lú gbogbo fọ́tò inú rẹ̀. Látìgbà náà, Màmá wa ò ní fọ́tò Mopélọ́lá kan ṣoṣo, ojú ọmọ náà sì ti ń parẹ́ lọ́kàn wọn. Wọ́n sọ fún mi nígbà kan pé imú nìkan ló kù. Mo gbàgbé ìràwọ̀. Mo ní Mopélọ́lá ni n ó yà, kí n gbé e lọ fún Màmá. Ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní bí ìràwọ̀ yẹn bá ti kọjá ẹ̀ka ìsàlẹ̀ máńgòrò, òun ń lọ nìyẹn.

Mo tan àtùpà tí a fi ń mọ ibi tí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Àtùpà náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn ìlà ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan bíi tíṣà tó ń pe rẹ́jísítà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó yára. Ó ní ìlà kan ò dáhùn, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Bí a ṣe ń ya ìràwọ̀ ni mo ṣe ya Mopélọ́lá: ẹ̀ẹ̀kan lápá òsì, ẹ̀ẹ̀mejì lápá ọ̀tún, ẹ̀ẹ̀kan sí i lápá òsì. Ó bi mí bóyá fọ́tò ni mò ń yà àbí mò ń kọ́ òun níjó. Bó ṣe ń sún sósì sọ́tùn-ún lórí bẹ́ńṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀, ooru ara rẹ̀ pọ̀ débi pé àgbàdo tí kò tíì bẹ́ nínú àwo gúgúrú rẹ̀ ń bẹ́ fúnra rẹ̀. Omi òtútù hó, ó sì gbẹ. Ìràwọ̀ kọjá ẹ̀ka ìsàlẹ̀. Bẹ́ńṣì ṣófo.

Màmá wa ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ẹnikẹ́ni ò sì pè wọ́n. Wọ́n ti fọ ọwọ́, wọ́n nà án síwájú kó má bàa kan nǹkan kan kí wọ́n tó gba fọ́tò.

Dókítà Àtàndá jáde nínú tíì, ó ní kí n yọ òkùnkùn. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Mopélọ́lá wà nínú òkùnkùn tí mo yà. Bí mo bá yọ ọ́, mo yọ òun náà nìyẹn. Bí n ò bá yọ ọ́, ooru ẹ̀rọ ti bo gbogbo rẹ̀, ó funfun bí ẹ̀kọ, kò sí imú, kò sí etí. Mo bẹ ẹ̀rọ pé ká ya òkùnkùn mìíràn. Ó ní ara òun ti gbóná, òkùnkùn tí òun bá yà báyìí kì í ṣe ti fọ́tò yẹn mọ́. Òótọ́ ló sọ.

Mo dúró rò ó fún ọdún méje. Irùngbọ̀n mi gùn dé ilẹ̀, mo tún ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí mo ṣe ń rìn kiri. Lẹ́yìn náà mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Màmá wa, mi ò sì fi àwàdà kankan sí i.

Wọ́n ní, "Yọ ọ́. Èyí tó bá kù, mo fẹ́ ẹ."

Mo tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ. Fọ́tò jáde, ó ṣì tutù. Bẹ́ńṣì wà níbẹ̀, ògiri wà níbẹ̀. Ibi tí Mopélọ́lá jókòó sí ti lu, ihò tó rí bíi rẹ̀ gẹ́lẹ́ láti orí dé bàtà, atẹ́gùn sì ń fẹ́ jáde níbẹ̀.

Màmá wa gbé e lé itan, wọ́n wò ó títí. Wọ́n wá ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú ihò náà dé ìgúnpá, níbi tó yẹ kí orí wà. Mo ń wo èjìká wọn bó ṣe ń mì díẹ̀díẹ̀, bíi ti ẹni tó ń la irun sí méjì. Wọ́n ní kí n mú òòyà wá, kí n sì yára, orí náà ò dúró sójú kan.