Ilẹ̀ Pákó tí Làmídì Tẹ́ fún Ìbíkẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ẹ ti rí ẹrẹ̀ rí, irọ́ lẹ ń pa. Ẹrẹ̀ ni ti àgbàlá Làmídì ọ̀rẹ́ mi ní Òkè-Agbo. Bí òjò bá rọ̀ níbẹ̀, ewúrẹ́ á fi ẹsẹ̀ mẹ́rin wọlé, á fi mẹ́ta jáde. Ọdún tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ló gbé bàtà òsì mi mì. Ó ti yẹ kó yọ jáde nílùú òyìnbó báyìí.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí n kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìbíkẹ́, ìyàwó Làmídì, ru omi bọ̀, oyún rẹ̀ ti yọ dáadáa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ nínú ẹrẹ̀ yẹn. Omi dànù, oyún náà sì bá a lọ. Nígbà tí ara rẹ̀ le díẹ̀, ó di ẹrù, ó gba ilé bàbá rẹ̀ lọ ní Ìbíadé, lẹ́bàá omi. Ó ní òun kò ní gbé oyún mìíràn kọjá lórí ẹrẹ̀ yẹn láéláé. Nílé àwọn, orí pákó làwọn ń rìn.

Làmídì tẹ̀lé e, ó lọ bẹ̀ ẹ́. Òun nìkan ló padà dé, ojú rẹ̀ sì ń dán. Ó pè mí:

"Sùrájù! Mo ti rí i!"

"Kí lo rí? Ìyàwó ẹ dà?"

"Pákó ni mo rí."

"O lọ mú ìyàwó, o rí pákó. Ó dáa náà. Ṣé pákó ọ̀hún mọ ọbẹ̀ sè?"

Kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo àgbàlá àna òun, orí omi ló wà, pákó ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Bàbá tó bí àna òun ló tẹ́ ẹ, ẹyọ kan ò sì jẹrà níbẹ̀. "Rò ó wò. Pákó tó ń mumi tọ̀sán-tòru ò jẹrà. Tèmi tí yóò máa mumi nígbà òjò nìkan ńkọ́? Ọmọ-ọmọ mi ni yóò bá a níbẹ̀!"

Sítáńdáàdì tù ni mo kàwé dé. N ò rí àléébù kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Pákó kò sì wọ́n ọn. Ayùn ló fi ń la gẹdú fún àwọn onígi, ẹni tó bá sì la igi ló ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àwọn tí ayùn kọ́kọ́ gé tí èèpo ṣì wà lára wọn. Tirẹ̀ ti ga lẹ́yìn ilé débi pé ẹyẹ ń sinmi lórí rẹ̀ kó tó fò dé ìlú Màmú. Ó fá a, ó tẹ́ ẹ láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ilé ìdáná, títí dé etí títì.

Gbogbo àdúgbò ló wá dá ẹjọ́ rẹ̀. Nimotalahi, ìyá tó ń gbé ilé kejì, bọ́ bàtà, ó rìn lórí rẹ̀ lọ, ó rìn bọ̀. "Ó tutù lẹ́sẹ̀, kò sì dun orúnkún àgbà. Ata mi á gbẹ lórí ẹ láìní iyẹ̀pẹ̀."

Hẹsẹkáyà káfíńtà, ọmọ ìjọ Aládùúrà, gbórí sókè lẹ́yìn ọgbà. "Eku á bímọ sábẹ́ ẹ. Ejò á wá bá eku ṣe ìkómọ. Òjò á sọ ọ́ di yíyọ̀. Ikán ńkọ́?"

"Hẹsẹkáyà, ṣé àdúrà lo wá gbà àbí èpè?" ni mo wí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Ìbíkẹ́ padà wá. Ó rìn ín jáde, ó rìn ín wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún kọ́kọ́kọ́ lórí pákó. Ó wá kọjú sí mi, "Ọkọ mi ẹlẹ́nu, ẹ má fẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tẹ pákó mi o."

"Ìyàwó, mo ti fahọ́n lá àtẹ́lẹsẹ̀ mi kí n tó wọlé."

Kó tó di ẹ̀ẹ̀rùn, ó ti lóyún. Làmídì sanra lójijì bí ẹni pé òun gan-an ló gbé e.

Àsìkò òjò dé. Làmídì pè mí sí kọ̀rọ̀. "Tẹ ibí." Mo fi àtàǹpàkò tẹ pákó, ó wọlé bí ẹni tẹ ẹ̀kọ. A gbé e díẹ̀: ikán tó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju èrò Àgọ́-Ìwòyè lọ, tàgbà tèwe. Làmídì dá a padà, ó tẹ́ ẹní lé e. "Má sọ fún un. Ìnṣáàláhù, yóò gbé wa dé ìgbà tó bá bímọ."

Ẹní ò pẹ́ níbẹ̀. Bàbá Ìbíkẹ́ gbé ẹja wá láti Ìbíadé, ó wá kí oyún ọmọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé dé orúnkún. A fà á yọ. Ó tú ẹní náà kúrò, ó wo abẹ́ rẹ̀ pẹ́.

"Làmídì, ìgbà wo lẹ pààrọ̀ ẹ kẹ́yìn?"

"Pààrọ̀ kẹ̀, Bàbá? Ṣebí bàbá tiyín ló tẹ́ tiyín?"

"Bàbá mi ló tẹ́ ti àkọ́kọ́. Ẹyọ kan ò kù nínú ẹ mọ́. Ọdọọdún ni gbogbo ọkùnrin ilé wa ń mú pákó kọ̀ọ̀kan wá, tí wọ́n ń yọ èyí tó rà. O rí ilé tó dúró, o rò pé igi ló dúró." Ó wò yíká. "Ọkùnrin mélòó ló wà nílé yìí?"

Làmídì ò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. Bàbá rẹ̀ ti kú tipẹ́.

"Èmi ń bẹ, Bàbá," ni mo wí.

"O ti kan ìṣó rí?"

Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn.

Ìbíkẹ́ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ lórí ikùn. Kò gbé ẹsẹ̀ sórí pákó. "Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Ìbíkẹ́, mo máa la tuntun lọ́la," ni Làmídì wí.

"Ìwọ̀nyí náà ti jẹ́ tuntun rí," ni ó dáhùn, ohùn rẹ̀ ò sì le.

Ọkọ̀ ń dúró létí títì. Bàbá kò lè pọ̀n ọ́n, èmi kò sì mọ èyí tó le lára àwọn pákó náà. Làmídì nìkan ló mọ̀ wọ́n. Ó tẹ̀ sílẹ̀, Ìbíkẹ́ gùn ún lẹ́yìn, ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń yẹra fún ibi tó ti rà, títí ó fi gbé ìyàwó ara rẹ̀ sínú ọkọ̀ Ìbíadé.

Nígbà tó ń padà bọ̀, àárín ẹrẹ̀ ló gbà.