Omi Àkọ́fọ̀ Ewúro

Láàárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ mi ṣubú, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fún omi ewúro tó mu.

Ẹ̀yìn ilé wa ní Àgbóyi ni igi rẹ̀ wà. Ìyá ọkọ mi ló gbìn ín. Àwọn ló kọ́ mi pé kí n máa já a kí n tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí n sì kí i kí n tó fọwọ́ kàn án: "Ewúro, akorò-má-pani, wá bá mi tún ara ẹni mi ṣe." Àwọn tó ń se ọbẹ̀ a máa da omi àkọ́fọ̀ nù. Òun gan-an làwa ń lò, èyí tó korò jù, tó ń hó lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Òun ni Àbúdù ọkọ mi ń mu láti ọdún 2005 tí wọ́n ti sọ pé ó ní àtọ̀gbẹ.

Ó ń lo oògùn ọsibítù náà. Àmọ́ nọ́ọ̀sì kan ti fi mí ṣẹ̀sín rí lójú èrò: "Ẹ̀yin alágbo, ẹ ṣì wà?" Ọjọ́ yẹn ni Àbúdù ní kí n búra pé n kò ní dárúkọ ewé fún wọn mọ́. Mo búra.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, lẹ́yìn ìrun àsùbá, ó mu ife kan, ó gbé oògùn rẹ̀ mì, ó ní òun á jẹun tóun bá wa yanrìn dé. Kò tíì dé ìdí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ tí òógùn fi bò ó. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Orúkọ ìyá rẹ̀ ló ń pè mí.

A gbé e sọdá odò, ó di ilé ìwòsàn tó ti ń gba oògùn rẹ̀ ní Kétu. Dókítà Ṣọládé, obìnrin tí kò dàgbà ju Kàbírà àkọ́bí mi lọ, yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

"Ṣúgà wọn ti lọ sílẹ̀ jù, Mummy."

Wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára. Ó lajú. Mo ní Alihamudulilahi. Kò pé wákàtí kan, òógùn tún bò ó.

"Mummy, oògùn tá a fún wọn nìkan kọ́ lèyí. Kí ni wọ́n tún lò?"

Mo kọjú sí Àbúdù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì rẹ̀ kì í, bóyá á gbọ́: "Àkànní, ọmọ atukọ̀-má-wẹ̀yìn, ọmọ awayanrìn-kódò-ó-fẹ̀..." Ojú rẹ̀ ń yí lọ sókè.

"Ewúro ni," mo wí. "Omi àkọ́fọ̀. Tòní tiẹ̀ ki ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Mo ń retí èébú. Dókítà kọ́kọ́ ní kí wọ́n má yọ omi ṣúgà náà títí ilẹ̀ á fi mọ́, kí wọ́n sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní wákàtí-wákàtí.

"Ewé yẹn kì í ṣeré, Mummy. Èròjà wà nínú rẹ̀ tó lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Iṣẹ́ tí oògùn tiwa ń ṣe náà nìyẹn. Àwọn méjèèjì ló jọ ń fà á. Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?"

"Ẹ máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

Ó jókòó tì mí. "Ẹ má bínú, mà."

Nírọ̀lẹ́, Àbúdù lajú, ó sì dá mi mọ̀.

"O sọ fún wọn."

"Mo sọ, Bàbá Kàbírà."

"O búra fún mi."

"Mo búra. Ẹ jẹ́ kí Ọlọ́run bi mí léèrè rẹ̀."

Ó kọjú sí ògiri. Lẹ́yìn náà, láìyíjú padà, ó na ọwọ́ tí wọn ò fa omi sí sẹ́yìn, ó ń wá mi kiri. Mo dì í mú. Kò gbọ̀n mọ́.