Ìbọn Tí Yóò Kojú Ẹfọ̀n

Lọ́jọ́ tí Zakariyya gbé ìbọn náà wọlé, ẹ̀wà ló wà lórí iná Suwebat, ìyàwó rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, ní Cypress, lẹ́bàá Houston ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1995. Zakariyya gba ẹnu ọ̀nà gáráàjì wọlé pẹ̀lú àpótí dúdú gígùn kan. Ó rọra tẹ́ ẹ sórí tábìlì oúnjẹ bí ẹni ń tẹ́ ìkókó, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ìyá Nusaiba, wá wo nǹkan."

Suwebat nu ọwọ́, ó wá wò ó. Ìbọn tó wà nínú àpótí náà wúwo lójú, ó tún wúwo lọ́wọ́. Igi ìdí rẹ̀ ń dán gbinrin, wọ́n sì ti de awò gígùn kan, tí wọ́n fi ń wo ohun tí wọ́n fẹ́ yìn, mọ́ ọn lórí.

".458 ni wọ́n ń pè é," Zakariyya wí. "Wọ́n ní ó lè dá erin dúró."

"Erin wo ló ń rìn ní Cypress?"

Ó jókòó, ó ṣàlàyé. Ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì epo rọ̀bì tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Westchase ń lọ ṣọdẹ ẹfọ̀n ní Tanzania lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹni tí wọ́n jọ fẹ́ lọ ti yẹ̀ ẹ́, ọ̀gá náà sì ní kí Zakariyya wá bá òun lọ. Zakariyya tí kò fi ìbọn pa ẹyẹ àparò rí láyé rẹ̀ ti gbà.

Òórùn epo tí wọ́n fi nu irin ìbọn yẹn ti gbé Suwebat kúrò nílé ìdáná. Ó ti dé Ìgbẹ́tì, lẹ́yìnkùlé bàbá rẹ̀, Lásísì Ọdẹ, lábẹ́ òkè ńlá tó fi òjìji bo ilé wọn lálaalẹ́. Àdín ni bàbá fi ń nu ṣakabùlà tirẹ̀. Suwebat, tí í ṣe àkọ́bí, ló máa ń di àkísà mú. Nígbà tó dàgbà díẹ̀, bàbá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọn ẹ̀tù, bí wọ́n ṣe ń gbé ẹnu ìbọn lé pàlàkà igi kó má baà gbọ̀n, bí wọ́n ṣe ń mí jáde díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó yìn ín. Ó pa òkété, ó pa ehoro. Ìgbà tó ń di ọmọge ni ìyá rẹ̀ fòpin sí i, ó ní ta ni yóò fẹ́ ọmọ tó ń rùn ẹ̀tù. Bàbá ò jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tó bá ń lọ sígbó lẹ́yìn ìyẹn, á yíjú wẹ̀yìn wo ẹnu ọ̀nà kó tó lọ, bí ẹni tó gbàgbé nǹkan.

Bàbá náà ti ń tiro láti ìgbà tí Suwebat ti gbọ́n. Ẹfọ̀n ló ṣe ẹsẹ̀ yẹn.

"Bàbá Nusaiba," ó wí nígbẹ̀yìn, "ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹfọ̀n?"

"Màlúù igbó ni."

"Háà." Ó padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday, wọ́n jọ lọ sí pápá ìyìnbọn kan lọ́nà Rosenberg. Zakariyya jókòó sídìí tábìlì, ó fi ojú mọ́ awò, ó fa ìbọn náà. Ariwo rẹ̀ mi àyà Suwebat níbi tó dúró sí. Ìbọn náà ta padà, etí awò sì gbá Zakariyya lókè ojú. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ sí imú rẹ̀.

Ọkùnrin kan fún un ní bébà ìnujú. Ó nu ẹ̀jẹ̀, ó ní kò ṣe nǹkan kan, ó tún jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí Suwebat ò wo ibi tí ọta ń lọ mọ́, ojú ọkọ rẹ̀ ló ń wò. Kí ìbọn tó dún, ojú Zakariyya ti pa dé, èjìká rẹ̀ ti sá sẹ́yìn. Ọta ọ̀hún wọ ilẹ̀ lọ, kò sún mọ́ bébà tí wọ́n ń yìn.

Nínú mọ́tò, lórí freeway, Suwebat ní, "Ẹ ń di ojú yín kẹ́ ẹ tó yìn ín."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin. Ìbọn yẹn ń bà yín lẹ́rù. Ó tóbi jù fún yín."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ wá kọ́ mi níbọn báyìí?" Zakariyya tan rédíò.

Suwebat ò fẹ́ kó di ìjà. Lásìkò náà, fóònù ò tíì dé àdúgbò bàbá rẹ̀. Ohùn ni wọ́n máa ń gbà sínú kásẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á fi rán ẹni tó bá ń lọ sílé. Bíyìí, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń kàwé ní Houston, ń lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Ìgbẹ́tì. Suwebat jókòó sí yàrá, ó kí bàbá rẹ̀, ó kí ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ ìbọn àti ẹfọ̀n. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì náà lé Bíyìí lọ́wọ́.

Nígbà tí Bíyìí padà dé, ó mú èsì wá. Zakariyya gan-an ló fi í sínú rédíò mọ́tò, torí kò fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ dá gbọ́ ọ. Àkùkọ kọ́kọ́ kọ nínú kásẹ́ẹ̀tì náà. Ẹnì kan wúkọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn bàbá dé, tó ti di ohùn arúgbó.

"Àbẹ̀ní ọmọ mi, mo gbọ́ ohùn rẹ, ó dà bí ẹni pé o wà ní yàrá kejì. Ẹfọ̀n kẹ̀? Ọkọ rẹ?" Ó rẹ́rìn-ín pẹ́. "Ó dáa náà. Sọ fún un pé ẹfọ̀n kì í bẹ̀rù ariwo. Ibi tí ọta wọ̀ ló ń pa á. Ìbọn tó bá ń ba ẹni tó gbé e lẹ́rù, ẹfọ̀n ló ń bá ṣiṣẹ́. Kó di ojú méjèèjì. Kó gbé ìbọn sí èjìká bó ṣe máa gbé e nínú igbó. Kó wá la ojú. Bí ojú rẹ̀ bá bọ́ sójú ọ̀nà ọta láì yí ọrùn, ìbọn rẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, kó gbé e fún oníǹkan."

Omi ti gba ojú Suwebat. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà ló pa á lẹ́kún; àkùkọ yẹn ni, àti bí bàbá ṣe pè é ní Àbẹ̀ní. Kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Texas.

Zakariyya pa rédíò, ṣùgbọ́n kò ṣíná mọ́tò. "O rántí ọjọ́ tá a wá tọrọ rẹ?" ó wí. "Bàbá rẹ kó gbogbo ẹgbẹ́ ọdẹ rẹ̀ jọ. Ó nawọ́ sí ìwo ẹfọ̀n lára ògiri. Ó ní, 'Akọ̀wé, ṣé inú ìwé ni wàá ti máa pa ẹran wá fún ọmọ mi?' Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín."

"Àwàdà ni nígbà yẹn."

"Mo mọ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ti wà nínú mi látọjọ́ yẹn, Suwe."

Suwebat wo àpá tó wà lókè ojú rẹ̀, tó ń jinná lọ. Ogún ọdún ni wọ́n ti jọ ń sùn, tí wọ́n jọ ń jí, kò sì mọ èyí. Ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́sẹ̀. "Ó dáa," ó wí. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká wá ìbọn gidi."

Anthony, bàbá aláwọ̀ dúdú kan ní Rosenberg, ni wọ́n darí wọn sí. Ó ti ń tún ìbọn ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì ń ta sánsán igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Wọ́n sọ ohun tí bàbá ní kí wọ́n ṣe fún un. Inú rẹ̀ dùn. "Bàbá mi náà kọ́ mi ní ìyẹn," ó wí, "ìbọn ẹyẹ ló fi kọ́ mi."

Zakariyya di ojú, ó gbé .458 tirẹ̀. Ìdí ìbọn náà há mọ́ ọn lábíyá. Nígbà tó la ojú, òkùnkùn ló rí nínú awò. Anthony gbé ìbọn kejì fún un, tí ọta tirẹ̀ kéré díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ìyẹn sàn díẹ̀. Ó wá gbé .375 kan wá, tó ti pẹ́, tí igi rẹ̀ ti họ káàkiri. Zakariyya la ojú, ó ku díẹ̀ kí ojú rẹ̀ bọ́ síbẹ̀ gan-an.

"Ìdí rẹ̀ ló gùn jù fún ọ," Anthony wí. "Màá gé e."

"Ṣùgbọ́n ṣé ó tóbi tó fún ẹfọ̀n?"

"Ó tó. Ohun tí wọ́n gbà láàyè ní Tanzania ni. Èyí tó o bá lè yìn láì dijú ló tóbi tó fún ọ."

Anthony gbé ìbọn náà fún Suwebat kó bá òun dì í mú, kí òun lè lọ mú ọ̀pá ìwọn. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe nǹkan kan. Suwebat kàn di ojú. Apá rẹ̀ gbé ìbọn náà sókè fúnra rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì fara ti igi. Nígbà tó la ojú, irin kékeré tó wà ní ẹnu ìbọn dúró ṣánṣán láàárín èyí tó wà lẹ́yìn. Ó ti pẹ́ gan-an tí ọwọ́ rẹ̀ ti kan ìbọn kẹ́yìn.

Zakariyya ń wò ó. "O ò sọ fún mi pé ọwọ́ rẹ ò tíì gbàgbé."

"Èmi náà ò mọ̀."

"Wàá bá mi lọ," ó wí. "Ẹ̀yìn mi ni mo fẹ́ kó o dúró sí."

Wọ́n fi .458 sílẹ̀, wọ́n mú .375. Anthony gé ìdí rẹ̀, ó lẹ rọ́bà rírọ̀ mọ́ ọn kó má baà máa gún èjìká. Ó yọ awò gígùn tó ti ṣe Zakariyya léṣe lára .458, ó ní ìyẹn wúlò fún ẹni tó ń yin àgbọ̀nrín lókèèrè, kì í ṣe fún ẹran tó máa sún mọ́ ẹni nínú koríko. Awò kúkúrú kan ló fi sórí .375 yìí, ó sún un síwájú jìnnà sí ojú, ó sì dè é kí ọwọ́ lè tètè yọ ọ́ bí òjò bá fọ́ ọ lójú, tí wọ́n á padà sí irin lásán. Gbogbo ọta tí wọ́n máa kó lọ ló kì bọnú ìbọn lọ́kọ̀ọ̀kan tó sì tún yọ jáde. "Èyí tó bá fẹ́ há," ó wí, "ìhín ni kó ti há."

Ìgbà tó tẹ̀lé e ni Suwebat fẹ́ràn jù. Ó de ọ̀pá ọparun mẹ́ta pọ̀ lórí, èyí tí wọ́n á máa gbé ìbọn lé nígbà tí wọ́n bá wà ní ìdúró. Nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìrun àsárì, wọ́n á gbé ìbọn tí kò lọ́ta nínú jáde, wọ́n á máa fà á sí ògiri pálọ̀, Suwebat á sì máa sọ pé, "Ẹ mí jáde. Ẹ má jà á gbà, ẹ rọ̀ ọ́." Nusaiba ọmọ wọn, tí wọ́n bí sí Houston, yọjú lọ́jọ́ kan, ó ní, "Mummy, ẹ̀yin méjèèjì weird gan-an o," ó sì padà sídìí fóònù rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé Zakariyya ní láti gbé ìbọn sílẹ̀. Ní pápá, ojú rẹ̀ ń là sí i lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ tí ọta rẹ̀ mẹ́ta kó ara wọn jọ sójú kan tí àtẹ́lẹwọ́ lè bò, ó kígbe Allāhu Akbar, àwọn ará Texas tó wà níbẹ̀ sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Wọ́n bá ọ̀gá náà lọ sí Tanzania ní oṣù kẹjọ ọdún tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan tí wọ́n ti ń tọ ipasẹ̀ kiri lásán, ọdẹ tó ń ṣamọ̀nà wọn dáwọ́ dúró, ó tọ́ka. Akọ ẹfọ̀n kan, arúgbó, dúró lábẹ́ igi, ẹrẹ̀ ti gbẹ sí i lára. Ó ti rí wọn. Suwebat ti ọ̀pá ọparun mọ́lẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀. Ó gbọ́ bí Zakariyya ṣe mí jáde, ó gbọ́ "Bismillāh" lẹ́nu rẹ̀, ó sì wo ojú rẹ̀: ó là sílẹ̀ kedere.

Ìbọn dún. Ẹfọ̀n náà ta gìrì, ó fò wọ koríko gíga. Wọ́n dúró. Kò sẹ́ni tó mira. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni ẹfọ̀n náà ké láti inú koríko, igbe gígùn kan, ọdẹ tó ń ṣamọ̀nà sì mi orí, ó ní igbe ikú ni. Síbẹ̀, ó ní kí Zakariyya tún yin ọta kejì sí i kí wọ́n tó sún mọ́ ọn. Wọ́n kó ẹran náà fún àwọn ará abúlé. Bí ọdẹ bá ro ti ìyà tó jẹ nínú igbó, kò ní fún ẹnikẹ́ni lẹ́ran jẹ, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn Zakariyya ò ro ìyà kankan.

Wọn ò tètè padà sí Houston. Nàìjíríà ni wọ́n gbà lọ. Bàbá Suwebat ti gbẹ, ojú rẹ̀ kan ti fọ́, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun mú wọn lọ sẹ́yìn ìlú. Wọ́n tẹ̀ lé ìtiro rẹ̀. Níbi tí igbó wà nígbà tí Suwebat wà lọ́mọdé, oko iṣu àti ilé oníbíríkì ló wà báyìí. Bàbá ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti rí ipasẹ̀ ẹfọ̀n kẹ́yìn níbẹ̀.

Ó jókòó sórí òkúta. Zakariyya bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìbọn fún un, bí ó ṣe dún, ibi tí ọta wọ̀. Bàbá gbọ́ ọ, ó ní, "O ṣeun, àna mi, o káre," ó sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ mọ̀ yàtọ̀.

"Àbẹ̀ní, koríko ibẹ̀ ńkọ́? Ó ga tó ibo?"

"Ó ga tó àyà mi, bàbá."

"Ẹyẹ lékèélékèé wà lẹ́yìn wọn?"

"Ó wà. Tí ẹran bá mira, gbogbo wọn á fò lẹ́ẹ̀kan náà."

Bàbá di ojú, ó rẹ́rìn-ín. "Sọ ọ́ fún mi," ó wí. "Sọ bó ṣe rí láàárọ̀."

Suwebat jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.