Ìwọ Kọ́ Ni Alákòóso

Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kò sì sí èyí tó rí mi fín bí èyí tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹnjiníà ni ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣọ́ ilé tó bá ń sán. Ó ti lẹ ẹ̀rọ kéékèèké mẹ́fà mọ́ ara ògiri ilé alájà mẹ́rin tí màmá wa ń gbé, kí wọ́n máa wọn bí ojú ibi tó sán ṣe ń fẹ̀ sí i. Kọ̀ǹpútà yìí nìkan ló lè ka ohun tí wọ́n bá wọ̀n, láti àná ni kò sì ti tàn mọ́.

Màmá ló pẹ́ jù nínú àwọn ayálégbé ibẹ̀. Bí Màmá ò bá kúrò, ẹnì kankan ò ní kúrò, Màmá sì ti ní òun ò lọ síbì kankan.

"Ògiri lanu lóòótọ́," bẹ́ẹ̀ ló wí lórí fóònù, "ṣùgbọ́n kò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Ọdún méjì lẹ fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ohun tẹ́ ẹ wọ̀n hàn mí. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Tí mo bá ti mọ̀ pé ó ń fẹ̀ sí i, màá di ẹrù mi, màá sì kó gbogbo ayálégbé tó kù jáde."

Ẹ̀gbọ́n mi wojú mi. "Àbúrò mi, nǹkan kan ti ń dún nínú ògiri ilé ìdáná Màmá láti òwúrọ̀. Jọ̀ọ́, ṣe kíá."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé wákàtí kan péré ni.

Ohun tó bà jẹ́ ò le rárá. Fáìlì kékeré kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó máa ń sọ fún un ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀ bí a bá tàn án. Fáìlì yẹn ló dàrú. Mo ki fúláàṣì mi bọ̀ ọ́, mo fi í tàn án, mo ṣí ètò tí a fi ń tún fáìlì náà kọ, mo tẹ bọ́tìnnì. Ó ní: "A kò gbà ọ́ láàyè. Ìwọ kọ́ ni alákòóso ẹ̀rọ yìí."

Èmi kọ́ ni kí ni? Mo tún un tẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà. Mo wọlé lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú orúkọ alákòóso, mo yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, mo gba gbogbo àṣẹ tó wà nínú ẹ̀rọ náà fún ara mi. Ìwọ kọ́ ni alákòóso. Orí mi gbóná.

Ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Onígíláàsì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ọmọṣẹ́ mi tẹ́lẹ̀ tí a fi gíláàsì ojú rẹ̀ sọ lórúkọ. Lọ́dọ̀ mi ló ti kọ́ṣẹ́, a sì jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́jọ kó tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ sí òdìkejì títì, iwájú mi gan-an! Òun ló kọ́kọ́ to kọ̀ǹpútà yìí fún ẹ̀gbọ́n mi. Ta ló tún kù tó lè gba àṣẹ lọ́wọ́ mi? Mo pè é, mo sì bú u bó ṣe yẹ kí n ti bú u lọ́jọ́ tó lọ. Aláìmoore, ọ̀dàlẹ̀, gbogbo rẹ̀.

Ó jẹ́ kí n bú tán. "Ọ̀gá mi, ẹ má bínú. Mi ò ti nǹkan kan pa. Irọ́ ni ètò yẹn ń pa fún yín. Ibi yòówù tí kò bá ti lè kọ̀wé sí, ọ̀rọ̀ àṣẹ ló máa ń sọ, torí kò mọ òmíràn sọ. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ kàn wo ibi tó fẹ́ kọ ọ́ sí."

Òun ni yóò wá kọ́ mi níṣẹ́! Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tú síkúrúù! Mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Mo mọ̀ nínú ara mi pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Mi ò kàn lè ṣe é ni.

Aago mọ́kànlá kọjá. Méjìlá. Ẹ̀gbọ́n mi ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ń pe Màmá, Màmá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé kọ̀ǹpútà ló máa wá pọn òun jáde ni. Nígbà tó di aago kan, Màmá fúnra rẹ̀ ló pè, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ilẹ̀kùn ilé ìdáná ò ṣeé tì mọ́, férémù ti wọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé báàgì rẹ̀. "Màá lọ fẹnu bẹ̀ ẹ́. Tó o bá ti rí nǹkan, pè mí." Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣó o ti bi Onígíláàsì?"

"Mo ti bi í," mo ní. "Kò mọ nǹkan kan."

Aago méjì ti kọjá kí n tó ṣe ohun tí Onígíláàsì ní kí n ṣe, lẹ́yìn tí mo ti ṣe gbogbo ohun tó kù láyé. Mo wo ibi tí ètò náà ti fẹ́ kọ̀wé. Fúláàṣì mi ni. Fúláàṣì èmi fúnra mi, tí mo máa ń fi bọ́tìnnì kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tì pa, tí ohunkóhun ò fi ní ṣeé kọ sínú rẹ̀, kí kòkòrò kọ̀ǹpútà oníbàárà má baà wọ̀ ọ́. Mo tọ́ka ètò náà sí inú kọ̀ǹpútà, ibi tó yẹ kó ti máa kọ ọ́ látàárọ̀. Kò gbà tó ìṣẹ́jú méjì. Kọ̀ǹpútà tàn.

Àwọn ìwọ̀n tí ẹ̀rọ ara ògiri ti ń fi ránṣẹ́ látàárọ̀ ń wọlé tẹ̀ léra wọn. Ògiri ilé ìdáná Màmá, aago mẹ́sàn-án: mìlímítà méjì. Méjìlá: mẹ́ta. Aago kan: mẹ́fà. Aago méjì: mọ́kànlá. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi.

"Ẹ jáde! Ẹ má kó nǹkan kan, ẹ ṣáà jáde!"

"O ti rí i?"

"Mo ti rí i! Ó ti di mọ́kànlá!"

Mo gbọ́ tó sọ ọ́ fún Màmá. Mo gbọ́ ohùn Màmá, jẹ́jẹ́: "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ." Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màmá ti ń jáde. Jẹ́ kí n lọ kan ilẹ̀kùn àwọn tó wà lókè." Mo ní kó má gòkè. Ó ti pa fóònù.

Ilé náà ò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo sáré. Ọ̀nà ni mo wà tí mo fi gbọ́ ìró bí ilé náà ṣe wó, ilẹ̀ sì mì. Nígbà tí mo débẹ̀, eruku ò jẹ́ ká rí ọ̀ọ́kán. Àwọn ayálégbé wà lójú títì, wọ́n ń ka ara wọn. Onígíláàsì ti débẹ̀ ṣáájú mi, òun àti àwọn kan ń fọwọ́ kó bíríkì. Gbogbo ará ilé pé. Ẹni tó lọ kanlẹ̀kùn fún wọn nìkan ni wọn ò rí.

Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, orí rẹ̀ funfun fún eruku. Ó di ọwọ́ mi mú. "Láti aago mẹ́sàn-án," ó ní. "Kí ló pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọmọ mi?"

Onígíláàsì gbé orí sókè, bíríkì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń dúró de ìdáhùn mi.

"Ẹ̀rọ náà ni, Màmá," mo ní. "Ó ní mi ò láṣẹ."

Onígíláàsì ju bíríkì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó ń kígbe pe ẹ̀gbọ́n mi.