Ọkọ̀ Tí Kì Í Mu Omi

"Ìgbà wo lo ra omi onídèérí búlúù kẹ́yìn?"

Obìnrin tó béèrè kò pariwo. Ó kàn gbé apá lé etí fèrèsé ọkọ̀, ó ń wo géèjì bí ìyá tó ń wo ọmọ tó ní òun ti wẹ̀. Toader Hurmuz, awakọ̀ náà, yíjú kúrò lára géèjì. Lẹ́yìn rẹ̀, bàrà olómi láti ìlú Dăbuleni kún inú tírélà dé òrùlé, oòrùn oṣù keje sì ti ń ta lé e. Ní apá ọ̀tún ọ̀nà, odò Olt ń ṣàn lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò kàn.

"Màdáámù, ẹ jẹ́ kí n gé bàrà kan fún yín," ni Toader wí. "Ti ọdún yìí dùn bí oyin."

"Mo ti jẹ bàrà láàárọ̀ yìí. Mo rà á ni, mo sì sanwó. Bọ́ sílẹ̀."

Zamfira Cojoc ni obìnrin náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa yẹ ọkọ̀ akẹ́rù wò lójú ọ̀nà. Kò sí awakọ̀ tó ń gba àfonífojì Olt tí kò mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá ti rí ọkọ̀ funfun rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á ké sí ara wọn lórí rédíò tí gbogbo awakọ̀ máa ń gbé sínú ọkọ̀ láti fi bá ara wọn sọ̀rọ̀: "Ìyá àgbà ti gbé ìkòkò kaná o, ẹ rọra!" Toader gbọ́ ìkìlọ̀ náà láàárọ̀ yẹn, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kí ló kàn án níbẹ̀? Táyà rẹ̀ dára, bíréèkì rẹ̀ ń mú, ìwé rẹ̀ pé. Láti oṣù tó kọjá tó ti ra ọkọ̀ náà ni inú rẹ̀ ti ń dùn bí ọmọ tó rí bàtà ọdún. Ó lè jí ní ìdájí kó lọ dúró sí àgbàlá kó kàn máa wò ó. Ọkọ̀ tirẹ̀! Kò sí ọ̀gá tó máa pè é ní ọ̀lẹ mọ́.

Zamfira ṣí ìdérí búlúù táǹkì kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì epo. Ó fi ìka kan táǹkì kékeré náà, ó dún gbangan. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, ó sì ní kí Toader wá fojú ara rẹ̀ wò ó. Táǹkì náà gbẹ. Nǹkan funfun kan bí iyọ̀ ló gan mọ́ ìdí rẹ̀.

"Géèjì inú ọkọ̀ rẹ sọ pé omi ju ìdajì lọ níbí," ni Zamfira wí. "Nínú àwọn méjèèjì, èwo ni ká gbà gbọ́?"

Toader tún tẹ̀ ba, ó wo inú táǹkì náà.

"Omi yìí ni ọkọ̀ ń wọ́n sí èéfín kó tó tú u jáde, kí àwọn ọmọ abúlé ibí yìí má baà máa fà á símú bó ṣe rí. Ọkọ̀ tí kò bá rí i mu, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, kò ní lè gun òkè. Tìrẹ ń gun òkè, bàrà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹnì kan ti so nǹkan mọ́ ọkọ̀ yìí tó ń parọ́ fún kọ̀ǹpútà."

"Kì í ṣe èmi! Mo fi orí ọmọ mi búra!"

"Fi ọmọ sílẹ̀. Orúkọ ta ló wà nínú ìwé ọkọ̀?"

Orúkọ rẹ̀ ni. Ó mọ̀ ọ́n, obìnrin náà sì mọ̀ ọ́n, torí ìwé ọ̀hún wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Zamfira fọ̀rọ̀ yé e yékéyéké. Tí wọ́n bá rí nǹkan náà níbẹ̀, tí wọ́n yọ ọ́ níṣojú òun, Toader á san owó ìtanràn nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ wà, ọkọ̀ á lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ẹni tó so ó mọ́ ọn ni agbẹjọ́rò ìjọba á sì máa wá. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá rí i, òun á tú nọ́ḿbà ọkọ̀ náà lójú ẹsẹ̀, wọ́n á wọ́ ọ lọ síbi tí wọ́n á ti tú u palẹ̀, òfin á sì mú ẹni tó ni ín bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Ìwé àṣẹ ìkẹ́rù rẹ̀ á lọ, ẹ̀wọ̀n pàápàá lè wọ̀ ọ́.

"Ọkọ̀ tó máa wọ́ ọ ti kúrò ní ìlú Râmnicu," ni ó wí. "Tó bá dé kí n tó rí i, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Àwọn ọkọ̀ yòókù ń dúró dè mí."

Toader sá lọ sí ẹ̀yìn tírélà, ó fa fóònù yọ. Gavril Doroftei tó ta ọkọ̀ náà fún un ló pè. Naṣ rẹ̀, bàbá onígbọ̀wọ́ rẹ̀ nínú ìjọ, ni Gavril. Òun ló gbé àbẹ́là dúró ti Toader àti Ilinca ìyàwó rẹ̀ nídìí pẹpẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, òun náà ló gbé ọmọ wọn lọ́wọ́ níbi ìsàmì. Èèyàn kì í bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jiyàn. Ilinca ti sọ ọ́ kí wọ́n tó ra ọkọ̀: "Mú mẹkáníìkì kan dání." Toader ti dá a lóhùn pé: "Ṣé kí n lọ wí fún Naṣ pé olè ni?" Ilinca ní: "Mi ò ní kí wọ́n yẹ Naṣ wò. Ẹ́ńjìnnì ni mo ní." Toader ò mú ẹnikẹ́ni dání. Kí èèyàn máa yẹ ọjà naṣ rẹ̀ wò, kò yàtọ̀ sí kó máa gbóòórùn oúnjẹ tí naṣ gbé fún un kó tó jẹ ẹ́. Nígbà tó ṣàkíyèsí pé géèjì omi náà kì í sọ̀kalẹ̀, Naṣ sọ fún un pé, "Irú ọkọ̀ yìí kì í mu ún púpọ̀," ó sì gbà bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn.

"Naṣ, ẹ kú ilé o. Wọ́n dá mi dúró ní Olt."

"Ta ni? Zamfira?" Gavril bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n rọ̀ mọ́ ọkọ̀ yẹn ní ẹnubodè Nădlac nígbà tèmi, wọ́n tú ìjókòó, wọ́n tú bẹ́ẹ̀dì, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n lọ. Ìwọ ṣáà pa ẹnu rẹ mọ́, kí o máa jẹ bàrà rẹ."

Toader tẹ fóònù mọ́ etí.

"Naṣ, ibo lẹ fi í sí?"

"Mi ò gbọ́ ẹ mọ́ o. Níbi òkè yẹn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dáa." Gavril pa fóònù.

Toader ti fóònù bọ àpò. Ìtìjú kọ́kọ́ mú un, lẹ́yìn náà inú bí i, nígbà tí ìbínú náà sì ru tán, nǹkan mìíràn ló kù sínú rẹ̀, tó ń gbóná tó sì ń yún un lọ́wọ́. Nǹkan kan wà nínú ọkọ̀ yìí. Àwọn mẹ́ta ò rí i. Òun á rí i! Ó sáré padà.

"Màdáámù, ẹ yá mi ní tọ́ọ̀ṣì."

Zamfira wò ó láti òkè délẹ̀. "Ṣé kí o lè gbé e jù sódò?"

"Kí n lè rí i ni! Ẹ dúró tì mí, ẹ má gbójú kúrò lára mi."

Ni àwọn méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n tẹ̀ lé gbogbo wáyà tó ti ara táǹkì jáde títí dé ibi tó ti wọ inú yàrá awakọ̀. Wọ́n ṣí àpótí fíúsì. Wọ́n tú ìjókòó, wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fọwọ́ wá abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Ooru mú débi pé Zamfira bọ́ fìlà iṣẹ́ rẹ̀, ó fi í kọ́ ara rédíò ńlá kan tó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Nikólà Mímọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kọ́ ìyẹn," ni Toader wí. "Ti Naṣ mi ni."

"Kò sì sọ̀rọ̀? Mo ń gbọ́ kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yẹn nìkan."

"Kékeré yẹn ni tèmi. Ńlá yìí kì í sọ̀rọ̀. Ó ní kí n jẹ́ kó wà níbẹ̀, kí n máa fi rántí òun, kí n má yọ ọ́ láéláé. Mo máa ń nù ún láràárọ̀."

"Naṣ gidi," ni Zamfira wí. Ó fi fìlà rẹ̀ síbẹ̀, ó sì tún wọ abẹ́ sìtíárì lọ.

Rédíò kékeré náà ò dákẹ́. Gbogbo àfonífojì ti gbọ́ pé Zamfira mú Toader.

"Toader!" Ohùn awakọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Àkùkọ ni. "Ṣé Ìyá àgbà ti sè ọ́ jinná?"

Toader gbé gbohùngbohùn rédíò sẹ́nu. "Ó ṣì ń wá iyọ̀ ni."

"Sọ fún un kó fi ata sí i! Ọkọ̀ tó máa wọ́ ọ ti kọjá lára mi o, iná aláwọ̀ ọsàn ló ń tàn lórí rẹ̀ bí ọkọ̀ ìyàwó."

"Báwo ló ṣe jìnnà tó?"

"Kí lo wí? Ohùn rẹ ń já."

"Mo ní, báwo ló ṣe jìnnà tó!"

"Mi ò gbọ́. Wo èríálì rẹ, ọ̀gbẹ́ni, bóyá Ìyá àgbà ti ká a jẹ."

Toader fò bọ́ sílẹ̀. Ó gun àtẹ̀gùn ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó na ọwọ́ sórí òrùlé, ó sì di èríálì náà mú. Ó ti tú díẹ̀ ní ìdí. Ó ń fún un le lọ́wọ́ nígbà tí nǹkan kan sọ sí i lọ́kàn.

Èríálì kan ṣoṣo ló wà lórí òrùlé. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ rì í mọ́lẹ̀ níbẹ̀, torí Naṣ ti yọ tirẹ̀ lọ sínú ọkọ̀ tuntun tó rà. Wáyà kan ṣoṣo ló ti ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Toader tẹ̀ ba, ó gba inú gíláàsì iwájú wo inú ọkọ̀. Wáyà náà wọlé, ó lọ sídìí rédíò kékeré, ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí ẹ̀yìn rédíò ńlá dáadáa láti ibi tó wà yìí, ibi tí ẹni tó bá jókòó nídìí sìtíárì ò lè rí láé. Wáyà kan tó ki tó àtàǹpàkò jáde níbẹ̀, ó sì rì wọ inú dáṣíbọ́ọ̀dù lọ.

Rédíò tí kò ní èríálì. Rédíò tí kì í sọ̀rọ̀, tí kì í gbọ́ràn. Síbẹ̀ iná kékeré aláwọ̀ ewé rẹ̀ máa ń tàn nígbàkigbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, òun sì rò pé ó kàn rẹwà ni, bí iná tó ń jó níwájú àwòrán ẹni mímọ́.

"Màdáámù!" Ó ń lu gíláàsì. "Màdáámù, ẹ gbé fìlà yín kúrò níbẹ̀!"

Iná aláwọ̀ ọsàn ti yọ ní kọ̀rọ̀ ọ̀nà. Toader ti fò wọlé kí Zamfira tó jáde lábẹ́ sìtíárì. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì bú. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Abẹ́rẹ́ géèjì omi gbéra, ó kọjá ìdajì, ó dúró síbẹ̀ bó ṣe máa ń dúró lójoojúmọ́. Toader ki ọwọ́ sẹ́yìn rédíò ńlá náà, ó di wáyà náà mú, ó sì fà á tu.

Iná aláwọ̀ ewé kú. Abẹ́rẹ́ géèjì gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, ó sì já wálẹ̀ pátápátá. Iná pupa àti aláwọ̀ ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í tàn káàkiri dáṣíbọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹjọ́ tí wọ́n ti dí ọkọ̀ náà lẹ́nu kó má rò ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó ti jáde!" Toader ń kígbe, ó ń rẹ́rìn-ín, òógùn ń wọ̀ ọ́ lójú. "Ó ti jáde, Màdáámù! Ẹ wò ó! Ìṣojú yín ni!"

Zamfira gba rédíò náà, ó já ìdérí ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí nǹkan rédíò kankan nínú rẹ̀, àpótí dúdú kékeré kan ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ àárín. Ó yí rédíò náà padà, ó gbé iwájú rẹ̀ sí oòrùn. Orúkọ kan wà níbẹ̀, ó tóbi, wọ́n fi ọ̀dà èékánná obìnrin kọ ọ́ ní pupa. Ojoojúmọ́ ni Toader ń fi aṣọ nù ún.

"Ìkookò," ni Zamfira kà. "Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí rédíò?"

Ọkọ̀ tó máa wọ́ ọkọ̀ dúró lẹ́yìn wọn. Toader pa ẹ́ńjìnnì, ó gbé fìlà obìnrin náà fún un.

"Naṣ mi ni," ó wí.