Ojú Okùn Àsíá

Ràmílátù tẹ́lọ̀ ní àdúgbò Marcory, ní ilẹ̀ Côte d'Ivoire, kì í bẹ̀rù aṣọ. Aṣọ ìyàwó o, aṣọ Iléyá o, kò sí èyí tí kò rán rí. Ṣùgbọ́n àsíá Côte d'Ivoire tó rán fún ilé ẹ̀kọ́ Mùkàrámà ọmọ rẹ̀ yìí, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ lórí ẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì ń pe Mùkàrámà ní àlejò, torí pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá ìyá rẹ̀. Ọmọ náà ló lọ fọ́nnu fún dirẹkitọ̀, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, pé ìyá òun á rán àsíá tuntun, òun á sì fà á sókè lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí wọ́n lè pa ẹnu wọn mọ́.

Mọ́ńdè dé. Ràmílátù dúró lẹ́bàá géètì, Mùkàrámà di okùn mú. Àsíá ò tíì dé ìdajì òpó tí dirẹkitọ̀, Monsieur Anselme, fi pariwo: "Arrête! Dúró! Ti Irlande nìyẹn, ìlú àwọn òyìnbó!"

Ó mà ṣe o! Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́. Àsíá Nàìjíríà ni Ràmílátù ń wò lára ògiri bàbá rẹ̀ láti kékeré: àwọ̀ ewé lọ́tùn-ún, àwọ̀ ewé lósì, funfun láàárín. Etí tó bá wu èèyàn ló lè rán ojú okùn, ibi tí okùn òpó ń gbà kọjá, sí lára ìyẹn, kò sẹ́ni tí yóò bi í. Ìyá wa wá rán ojú okùn ti Côte d'Ivoire sí etí aláwọ̀ ewé, nígbà tó jẹ́ pé etí aláwọ̀ olómi ọsàn ló yẹ kó sún mọ́ òpó. Ni àsíá bá di ti ẹlòmíì, torí àwọ̀ mẹ́ta kan náà ni Irlande ń lò, àwọ̀ ewé ló kàn sún mọ́ òpó nínú tiwọn.

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan, Valéry, ní, "Mùkàrámà, màmá ẹ ti kó gbogbo wa lọ sí Irlande!" Mùkàrámà sorí kọ́. Ojú ti Ràmílátù débi pé ó fẹ́ sá lọ, àmọ́ ta ló máa fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ sínú irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀? Ó wọlé, ó yọ abẹ́rẹ́ àti sísọ́ọ̀sì nínú báàgì, ó ní, "Ẹ ṣe sùúrù fún mi, Monsieur. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀."

"Kò gbọdọ̀ kanlẹ̀ o," ni Anselme wí.

Kò sì sí tábìlì níbẹ̀. Valéry tó ń rẹ́rìn-ín yẹn ló kọ́kọ́ na ọwọ́, Marie-Laure, ọmọ kíláàsì wọn, tẹ̀ lé e, kò pẹ́ tí odindi kíláàsì fi gbé aṣọ náà lé apá. Ràmílátù ń tú ojú okùn kúrò létí àwọ̀ ewé, ó ń rán an mọ́ etí olómi ọsàn. Anselme rẹ ohùn sílẹ̀, ó ń sọ fún wọn pé ọdún 1959, kí òmìnira tó dé, ni wọ́n ti yan àwọ̀ mẹ́ta yìí: olómi ọsàn fún ilẹ̀ ọ̀dàn àríwá, funfun fún àlàáfíà, àwọ̀ ewé fún igbó gúúsù àti ìrètí. Orí Ràmílátù wú. Gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n bí òun sí, àtọ̀dàn àtigbó, ló wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ òun yìí!

Ìgbà tó já òwú tán, Mùkàrámà fà á. Atẹ́gùn ọ̀sà gbá a mú lókè, ó tẹ́ gbalaja. Onítakisí tó ń kọjá níta pàápàá dúró, ó ṣí fìlà. Háà, aṣọ lásán tí wọ́n rà lọ́jà Treichville!

Mùkàrámà, ọmọ tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ Yorùbá lẹ́nu òun nílé ẹ̀kọ́, ló kígbe lójú gbogbo wọn: "Màámi, ẹ wò ó! Ẹ wo àsíá wa!"