Àga Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Tún-un-yà ni gbogbo ayé ń pè é, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló sì fa orúkọ náà. Tó bá ń ya tọkọtìyàwó, yóò máa tẹ kámẹ́rà bí ẹni tí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ síta tó ń tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Á yẹ ẹ̀yìn kámẹ́rà wò, á rẹ́rìn-ín ẹ̀bẹ̀, á ní, "Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n tún un yà." Nínú ẹgbẹ̀rún fọ́tò, ọ̀kan ò ní ṣàì dáa. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé oríire nìyẹn, kì í ṣe ìmọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ló bá gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà kan lọ, ẹni tó ń kọ́ àwọn onífọ́tò bí wọ́n ṣe ń fi kámẹ́rà onífíìmù ṣiṣẹ́.

Ọ̀gá náà kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó fún oníkálukú ní fíìmù méjì.

"Ẹ lọ ya ẹnì kan nílé yín," ló wí. "Ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá yà á tán, ẹ ká fíìmù náà padà títí ìrù ẹ̀ á fi wọ inú agolo ẹ̀ pátá. Fíìmù tó bá ṣì na ìrù síta, tuntun nìyẹn. Fọ́tò kan péré lẹnì kọ̀ọ̀kan máa gbé kọ́ ògiri lọ́jọ́ ìpàtẹ wa, kẹ́ ẹ sì pe ará ilé yín wá wò ó."

Ẹnì kan nílé. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí ìyá méjì ló ń gbé nílé Tún-un-yà. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti ń bá wọn gbé ọjọ́ ti pẹ́. Ìyá tó bí i wá tọ́jú ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ẹsẹ̀ san, ìyá ò lọ. Àga kan ṣoṣo tó rọ̀ ló sì wà ní pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹni tó bá tètè jí ló ni ín. Wọn kì í jà o. Kíkí ni wọ́n ń kí ara wọn.

"Àna mi, ẹ mà kú ìjókòó o," ni ọ̀kan á wí.

"Ẹ kú ìdúró, àna mi," ni ìkejì á dáhùn, á wá fẹ̀yìn tì dáadáa.

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò radìyẹ. Tún-un-yà sì ni okùn.

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ yà, lórí àga yẹn, torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti dáa jù. Ìyá ọkọ wà ní balùwẹ̀. Bó ṣe jáde ló gbọ́ ìró kámẹ́rà.

"Wọ́n ní ẹnì kan lo máa yà," ló wí. "Ṣé èmi kì í ṣe èèyàn ni?"

"Màmá, ẹ̀yin ló kàn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ya ìyá ọkọ náà, lórí àga kan náà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ògiri tú síta, ìyá rẹ̀ ní bí òun ò bá rí ojú òun níbẹ̀, òun á padà sílé òun, níbi tí kò sẹ́ni tó ń bá òun sọ̀rọ̀ àfi rédíò. Ìyá ọkọ náà ní ilé ọmọ òun kejì ò kúkú jìnnà. Ẹ̀rù ba Tún-un-yà gidi. Ó fẹ́ràn àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ fọ́tò kan ṣoṣo ló máa gorí ògiri.

Nínú yàrá òkùnkùn tí ọ̀gá ti ń fọ fọ́tò, lábẹ́ iná pupa, ó ki pépà bọ inú omi oògùn. Ojú ìyá rẹ̀ yọ díẹ̀díẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn bọ̀ kí ojú kejì tó yọ láàárín àkọ́kọ́. Ọwọ́ mẹ́rin wà lórí apá méjèèjì àga náà. Ó sáré tú báàgì rẹ̀ wò: fíìmù tuntun ṣì wà níbẹ̀, kò tíì fọwọ́ kàn án. Èyí tó fi ya ìyá rẹ̀ ni kò ká tán. Ìrù rẹ̀ na síta, òun ló sì tún kì bọ kámẹ́rà láti fi ya ìyá ọkọ.

Ọ̀gá dé ẹ̀yìn rẹ̀. "Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

Irọ́ ti dé ètè rẹ̀, irọ́ tó dùn. Ó gbé e mì. "Rárá, sà. Mo rò pé fíìmù tuntun ni."

Ọ̀gá wò ó pẹ́. "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Gbé e kọ́."

Lọ́jọ́ ìpàtẹ, àwọn ìyá méjèèjì múra bí ẹni ń lọ gbàmì ẹ̀yẹ. Wọ́n dúró níwájú fọ́tò. Tún-un-yà dúró lẹ́yìn wọn.

"Àna mi," ni ìyá rẹ̀ wí níkẹyìn, "ṣé ẹ̀yin lẹ jókòó lé mi lẹ́sẹ̀ yìí?"

"Àbí ẹ̀yin lẹ wà lábẹ́ mi? Ẹ mà kú ìfaradà o."

"Imú yìí, tèmi ni."

"Tèmi ni. Ẹ wò ó dáadáa."

Wọ́n wò ó títí, wọn ò lè pín in. Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀. "Àna mi, ìyàwó yín yìí ò mọ fọ́tò yà rárá."

"Ọmọ yín ni. Ilé yín ló ti gbé e wá."

Ẹ̀rín pa wọ́n débi pé wọ́n di ara wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú. Ó dun Tún-un-yà, inú rẹ̀ sì tún dùn, nǹkan méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ká máa lọ sílé," ni ìyá ọkọ pàṣẹ. "Kó tún un yà."

Nílé, wọ́n há ara wọn mọ́ orí àga náà, wọ́n ń jiyàn lórí ìdí ẹni tó gbàyè jù. Tún-un-yà ki fíìmù tuntun bọ kámẹ́rà. Ó gbé e sójú, kò tẹ̀ ẹ́. Ó ń wò wọ́n.

"Kí lo ń dúró dè?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ẹ jẹ́ ó wò wá," ni ìyá ọkọ wí, ó sì bá ìyá rẹ̀ tún gèlè rẹ̀ ṣe.

Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé kámẹ́rà sílẹ̀.

"Ṣé o ò ní tún un yà ni?"

"Ó ti tó, Màmá. Ẹ lè dìde."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó máa kọ́kọ́ dìde lórí àga yẹn. Ibẹ̀ ni Tún-un-yà gbé oúnjẹ alẹ́ wọn wá bá wọn.